Mo fẹ́ padà sórí alùpùpù lẹ́yìn ọdún pípẹ́: ta ló ń kọ́ irú wa ní Àbújá?

Bàbá Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nígbà tí mò ń ṣe tíṣà ní Ìlọrin, Honda CG 125 ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni mo fi ń lọ sóko bàbá mi ní Àfọ̀n. Ìgbà tí iṣẹ́ gbé mi wá sí Àbújá ni mo tà á, mo ra mọ́tò. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ní oko kékeré kan lẹ́yìn Bwari, mọ́tò kì í dé ibẹ̀ lásìkò òjò, ìdí nìyẹn tí mo fi ra Bajaj tuntun.

Ìyàwó mi ò fẹ́. Àwọn ọmọ ní kí n wá ọlọ́kadà kan tí yóò máa gbé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọdékùnrin tó ń gùn ún lójú ọ̀nà Dutse yìí, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, mi ò sì rí ìdí tí ẹ̀mí mi fi máa wà lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ ọ́n gùn, mi ò nílò ẹni tó máa fi kílọ́ọ̀ṣì hàn mí. Ṣé ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tó fẹ́ padà? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó bá àwọn típà pàdé lọ́nà Bwari?

Achaba Zuba:
Bàbá, ọwọ́ kì í gbàgbé. Ẹ gùn ún, ẹ fàdúrà sí i. Ohun kan ṣá: bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku bo ojú ọ̀nà, ẹ tan iná yín lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá sì ti fẹ́ ṣú, ẹ ti kúrò lóko. Àwọn típà mìíràn kò ní iná ẹ̀yìn rárá.

Ọ̀gá Dispatch, Lugbe:
Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Inú mi dùn gan-an pé ẹ béèrè kí ẹ tó jáde. Ọ̀rọ̀ iná tí ẹ̀gbọ́n Zuba sọ, òótọ́ ni. Pé ọwọ́ kì í gbàgbé, èmi ò gbà.

Àwọn ọmọ dispatch ni mò ń kọ́. Ẹni tí kò gùn ún rí kì í fi bẹ́ẹ̀ fún mi níṣẹ́, torí ó ń bẹ̀rù, á sì máa rọra lọ. Ẹni tó ti fi í sílẹ̀ ní ìgbà kan tó tún padà ni ìṣòro mi. Kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á ti rántí jíà àti kílọ́ọ̀ṣì, á wá rò pé gbogbo rẹ̀ ló ti padà. Lílọ ló padà. Dídúró lójijì àti fífi ojú ka ọ̀nà, àfi kéèyàn tún wọn kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí bíréèkì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ alùpùpù láyé ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n ti sọ fún wọn pé bíréèkì ọwọ́, èyí tó ń mú táyà iwájú dúró, ló ń gbéni ṣánlẹ̀. Bíréèkì iwájú yẹn gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró. Bí ẹ bá ti mú bíréèkì, ìwúwo yín àti ti alùpùpù á rọ́ síwájú, táyà iwájú á di ilẹ̀ mú, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ẹni tó bá tẹ ti ẹsẹ̀ nìkan mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn á gan, á máa yọ̀ kiri. Ohun tó ń gbéni ṣubú ni kéèyàn já ti ọwọ́ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fún un bí ẹni ń fún ọsàn: kí ó rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa le sí i, kí ẹsẹ̀ máa ràn án lọ́wọ́. Lórí iyanrìn, ẹ dín in kù.

Tí ẹ bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, nǹkan bíi mítà 17 lẹ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí màlúù bá já sójú ọ̀nà, ẹ lè ti rìn gbogbo ìyẹn kí ọwọ́ yín tó kan bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láìjẹ́ pé ó ti ṣe ìdúró lójijì lórí pápá títí tí kò fi ní láti ronú sí i mọ́.

Kòtò ojú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ má tẹjú mọ́ ọn, torí ibi tí ojú bá ń wò ni alùpùpù ń lọ. Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ gbà. Tí ẹ bá wà lórí eré, ẹ ti ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ fi di alùpùpù mú síwájú díẹ̀, á yà sí ọ̀tún. Ẹ ti ti òsì, á yà sí òsì. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu títí wọ́n á fi dán an wò.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tó wà nílùú yìí, mọ́tò ni wọ́n ń kọ́ni. Ẹ tún wo láísẹ́ǹsì yín: Class A ni FRSC ń fún alùpùpù. Tó bá jẹ́ ti mọ́tò nìkan lẹ ní, ẹ lọ fi kún un.

Ará Kàdúná:
Ẹ̀gbọ́n Zuba, ẹ má bínú o. Ní 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé ìwádìí jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù 900 tí wọ́n fúnra wọn yẹ̀ wò ní Los Angeles. Nínú gbogbo 100 àwọn tó gun alùpùpù tó ní ìjàǹbá wọ̀nyẹn, 92 ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ara wọn, tàbí kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ kọ́ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ètò kan tó ń jẹ́ BikeSafe: ọlọ́pàá tó mọ alùpùpù dunjú á tẹ̀ lé ẹ lẹ́yìn, á wá sọ ohun tó rí fún ẹ. Bàbá, ẹ wá ẹni tí yóò tẹ̀ lé yín bẹ́ẹ̀. Èèyàn kì í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada:
Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra akoto tòkunbọ̀. Fóòmù inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń gba ìkọlù. Tó bá ti já lulẹ̀ gbàgà rí, ojú ò ní rí i, ṣùgbọ́n kò ní lè gba orí yín là. Kí ẹ de okùn rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. A máa ń gba àwọn tí akoto wọn ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Tí ẹ bá ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ti kátá tó ń mú oorun wá, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó gùn ún. Ẹ lọ yẹ ojú wò náà.

Bàbá Kubwa:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá wọn. Ó ní ti nọ́ọ̀sì ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Bíréèkì ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwa ní Ìlọrin lóòótọ́. Ọ̀gá Dispatch, ṣé ẹ lè wá wò mí? Ilé ìwé kan nítòsí wa ti gbà kí n lo pápá wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀gá Dispatch, Lugbe:
Màá wá, Bàbá. Aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ bá wa kó ike omi òfìfo díẹ̀ dání, òun la máa fi ṣe àmì. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀. Ẹ fi bùbá àti agbádá sílé, torí ṣéènì. Kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì kí n tó dé: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019 ni. Alùpùpù lè jẹ́ tuntun kí táyà rẹ̀ ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lóru Jímọ́ọ̀.