Ṣé kí n ka Prende mọ́ wọn?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ nǹkan lórí àwọn òrìṣà obìnrin tó ni àfẹ̀mọ́júmọ́, ibì kan wá há mi. Eos ti Gíríìsì, Aurora ti Róòmù, Ushas ti Íńdíà tó ní nǹkan bí orin 20 nínú Rigveda, ìwé orin ìsìn wọn àtijọ́: gbòǹgbò kan náà lorúkọ wọn ti wá. Ṣùgbọ́n Prende ti Albania ò bá wọn jórúkọ. Òun ló ni ọjọ́ Ẹtì níbẹ̀, “e premte” lédè wọn. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sì lẹyẹ rẹ̀. Ìfẹ́ àti ẹwà náà tún wà níkàáwọ́ rẹ̀ (Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dán an wò). Ṣé kí n kà á mọ́ wọn, àbí kí n yà á sọ́tọ̀? Ṣé “òrìṣà” gan-an tiẹ̀ yẹ wọ́n?