Kálísíọ́mù tó kọ̀ tí kò gòkè nínú táńkì iyùn òkun

Ará Bódìjà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa ní Àkóbọ̀ ní bí àwọn ṣe ń da kálísíọ́mù sínú táńkì tó, 350 náà ni test kit ń sọ. Ẹ̀gbọ́n, ó ṣẹlẹ̀ níbi tèmi náà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ magnesium wò. Nínú omi òkun gan-an, kálísíọ́mù máa ń tó 410 sí 420 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), magnesium sì máa ń sún mọ́ 1,300. Tí magnesium bá ti lọ sílẹ̀, kálísíọ́mù á máa so mọ́ alkalinity (èròjà carbonate tí iyùn náà ń lò) nínú omi, á di lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun, á lẹ̀ mọ́ ara pọ́ǹpù àti hítà. Iyùn ò ní rí i jẹ, owó yín á sì ti lọ. Magnesium tèmi kò ju 1,100 lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbé e sókè, ìgbà tó dé 1,300, kálísíọ́mù náà dúró sí 420.

Ojú ara mi ni mo fi rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Orí ẹ̀ka Acropora (iyùn ẹlẹ́ka) mi tún funfun, níbi tó ti ń hu egungun tuntun, coralline (ewédò òkun tó le bí òkúta) aláwọ̀ àlùkò sì ń ràn lórí dígí débi pé abẹ ni mo fi ń fá a. Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá ń fá a.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Àbúrò kan ní Apẹtẹ̀ so dosing pump (pọ́ǹpù tó ń da kálísíọ́mù àti alkalinity sínú táńkì fúnra rẹ̀) mọ́ inverter, àmọ́ kò so iná táńkì mọ́ ọn. Wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Iyùn tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ kálísíọ́mù, pọ́ǹpù sì ń dà á lọ ní tiẹ̀. Kí iná tó dé, alkalinity ti fò sókè, ara iyùn sì ti ń bó. Ẹ so méjèèjì pọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.

Ará Ring Road:
Òótọ́ lẹ sọ. Táńkì tèmi kò tóbi, n ò lo dosing pump. Kalkwasser (omi tí a po calcium hydroxide mọ́) ni mo fi ń dí omi tó bá fà, ó ń gbé kálísíọ́mù àti alkalinity wọlé pa pọ̀. Òru ni mo ń jẹ́ kó máa kán, nígbà tí pH táńkì ń wálẹ̀, torí pH tiẹ̀ tó 12. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà o, ó lè pa ẹja. Tí ọyẹ́ bá dé, omi máa ń fà ju bó ṣe yẹ lọ, kalkwasser á wá fẹ́ pọ̀ ju ohun tí iyùn ń jẹ. Omi RO (omi tí wọ́n ti sẹ́ iyọ̀ àti ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀) lásán ni mo fi ń dí ìyókù nígbà náà, kì í ṣe omi bóhóòlù.