Ẹ gbà mí o, àwọn ọmọlángidi inú tẹlifíṣàn ti sọ ọmọ mi di ọlọ́wọ́ òsì

Ìyá Àkànní:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òbí inú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi.

Sátidé tó kọjá ni ìyá ọkọ mi wá láti Ìsẹ́yìn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti dìde. Wọ́n ti mú iná lọ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, jẹnẹrétọ̀ wa ń wúkọ́ bí arúgbó. Ọkọ mi tún ń pariwo lé mi lórí láàárọ̀ yẹn nítorí ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan, ó ní èmi ni mo fọ ọ́ nù. Mi ò dá a lóhùn. Mo se gbẹ̀gìrì, mo se ewédú, mo ro àmàlà tí kò ní kókó kan ṣoṣo. Ẹran tí mo rà ní Bódìjà, ẹ má bèèrè iye rẹ̀.

Ìyá jókòó. Mo ní kí Àkànní gbé omi fún ìyá àgbà. Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ dáadáa o, ó dìde, ó wá fi ọwọ́ òsì na ife omi sí wọn! Ìyá ò gbà á. Wọ́n wo ife, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ n'Ìbàdàn nìyí?" Àmàlà tútù síwájú wọn.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ló lọ kó Sesame Street, eré ọmọdé tí àwọn ọmọlángidi ń ṣe, sórí fóònù fún un. Mo jókòó wò ó lálẹ́ Sunday. Ẹ wò ó fúnra yín: òsì ni wọ́n ń lò! Elmo, òsì. Bert, òsì. Ta ló kọ́ wọn? Kí ni kí n ṣe o?

Alhaja Oníṣọ́ọ̀bù:
A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó parí.

Bàbá Ìbejì:
Ọmọ ọdún mélòó ni? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé òsì náà ló fi ń jẹun, tó fi ń kọ̀wé? Ẹ ti ròyìn gbẹ̀gìrì fún wa, ẹ ò ròyìn ọmọ.

Ìyá Àkànní:
Alhaja, ẹ ṣeun mà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gba fóònù, ta ni yóò bá mi mú un jókòó tí mo bá wà ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ? Èmi sì kọ́ ni mo kó o sórí fóònù, bàbá rẹ̀ ni.

Tíṣà Mọ́lẹ́tẹ̀:
Ẹ rọra o. Ọlọ́wọ́ òsì lèmi náà. Ní pírámárì, tíṣà wa fi ìrépé aṣọ so ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀yìn àga kí n lè fi ọ̀tún kọ A, B, D. Mò ń sunkún, mò ń kọ ọ́. Títí dòní, ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, òsì ni mo fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́, ìyàwó mi kì í sì í jẹ́ kí àlejò rí mi nídìí ẹ̀fọ́. Bí Ọlọ́run bá dá ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Alhaja Oníṣọ́ọ̀bù:
Tìẹ kọ́ là ń sọ, Tíṣà. Kí ó gba fóònù.

Wálé Agódi:
Ọ̀rọ̀ òsì yìí ò tiẹ̀ yà mí lẹ́nu tó àwọn nǹkan mìíràn nínú eré yẹn. Oscar tó ń gbé inú garawa ìdọ̀tí, àwọ̀ ọsàn ló ní ní ọdún àkọ́kọ́, 1969, kó tó di aláwọ̀ ewé. Ẹranko ńlá tó dà bí erin onírun, Snuffleupagus, ọdún bíi mélòó ni àgbàlagbà kankan ò fi rí i, Big Bird, ẹyẹ ńlá inú eré náà, nìkan ló ń rí i. Tí wọ́n bá ti fẹ́ yọjú, á ti lọ.

Ìyá Ìbùkún:
Ẹgbẹ́ ọ̀run nìyẹn! Mo ti ń sọ ọ́!

Wálé Agódi:
Kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run, ẹ̀gbọ́n mi. Ní 1985, àwọn tó ń ṣe eré náà jẹ́ kí àgbàlagbà rí i. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ọmọdé bá ń rí i pé Big Bird ń sọ òtítọ́ tí àgbà ò gbà á gbọ́, òun náà á pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ṣe é ní ìkà.

Ìyá Ìbùkún:
Ó dáa, a ti gbọ́. Ti ọmọ tèmi ńkọ́? Cookie Monster ló ń wò. Ọmọ mi ń rún bisikíìtì bíi tirẹ̀, ó ń jẹ́ kó dà sílẹ̀ láti ẹnu, kì í gbé e mì! Èèrà ti kó wá sí pálọ̀ mi tán.

Bọ̀dá Ọlọ́mọlángidi:
Ọmọlángidi ni Cookie Monster, mà, kò lè jẹun bí ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ dà sílẹ̀. Ẹ fi Sesame Square tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí hàn án. Zobi aláwọ̀ búlúù tó ń wa takisí, iṣu ló máa ń wù ú ní tirẹ̀.

Ìyá Àkànní, mo máa ń ṣe ọmọlángidi fún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Challenge, mo lè sọ ibi tí òsì ti wá. Ẹni tó ń mú ọmọlángidi sọ̀rọ̀, abẹ́ ló wà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè sínú orí rẹ̀: àtàǹpàkò ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ìka mẹ́rin yòókù ni ti òkè. Ọwọ́ wo ló ṣẹ́kù? Òsì. Òun ló fi ń di ọ̀pá tín-ín-rín tó ń gbé ọwọ́ ọmọlángidi. Big Bird tiẹ̀ le jù. Ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 2 ni. Caroll Spinney tó wà nínú rẹ̀ nígbà kan rí máa ń na ọ̀tún sókè gbé orí ẹyẹ, á ki òsì bọ apá òsì. Apá ọ̀tún, okùn ìpẹja ló so ó mọ́ òsì: bí òsì bá wálẹ̀, ọ̀tún á gòkè. Kò sì ríran níta, tẹlifíṣàn kékeré tó so mọ́ àyà ló máa ń wò.

Alhaja Oníṣọ́ọ̀bù:
Èyí ò sọ pé kó fi òsì fún ìyá ọkọ lómi.

Bàbá Ìbejì:
Mo tún bèèrè o: ọdún mélòó, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó gbé omi? Ṣé kò ṣubú? Ṣé kò dùn ún?

Ìyá Àkànní:
Ọdún márùn-ún. Bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ṣubú. Ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé ní iléèwé, òun náà ló fi ń jẹun. Ní ilé tó bá ń ṣeré nìkan ni. Ọwọ́ ọ̀tún kò ráyè nígbà náà, nǹkan wà níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Nǹkan bíi kí ni?

Ìyá Àkànní:
Ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Dúdú kan. Ó ti já bọ́tìnnì méjì nínú bùbá mi, ó ní kí n rán wọn mọ́ ọn fún ojú.

Tíṣà Mọ́lẹ́tẹ̀:
Ha!

Bọ̀dá Ọlọ́mọlángidi:
Ìyá Àkànní!!! Ọmọ yín kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì, ọmọ yín ti di ọlọ́mọlángidi.

Wálé Agódi:
Ìbọ̀sẹ̀ tí ọkọ yín ń wá láàárọ̀ Sátidé nìyẹn? Ẹ mọ ibi tó wà, ẹ ò sọ?

Ìyá Àkànní:
Ó pariwo jù. Mo ní kó wá a.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ bi ọmọ náà léèrè kí ẹ tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Àkànní:
Mo ti bi í láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Màmá, Ọ̀gá Ẹnu ló ń sọ̀rọ̀. Ṣé orí rẹ̀ ni kí n fi gbé omi ni?" Mo ní kó pààrọ̀ rẹ̀ sí òsì. Ó gbìyànjú, ó ní ẹnu Ọ̀gá ń wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun á máa bọ́ ọ sílẹ̀ tí òun bá fẹ́ fún àgbà ní nǹkan. A pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù, a jọ ń rí ojú ara wa. Ìbọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ kí wọn: "Ẹ kú ilé o, ìyá àgbà, ẹ má bínú sí Àkànní." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá omi mu.

Alhaja Oníṣọ́ọ̀bù:
Kó fọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn.