Ooru ń fìyà jẹ ajá mi: ṣé mo lè fún un ní nǹkan dídì?

Ìyá Bínú, Bódìjà

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin alájá ẹlẹgbẹ́ mi. Bínúkonú mi, Boerboel ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Látìgbà tí oṣù Èrèlé ti wọlé ni ojú ẹ̀ ti ń rí màbo. Bó bá ti di ọ̀sán gangan, abẹ́ mọ́tò ló ń sá lọ, ahọ́n á yọ síta, á máa mí gúlegúle. Ẹ̀kọ àti orí ẹja tó máa ń jẹ tó sì máa ń lá abọ́ ẹ̀ mọ́, ó kàn ń gbóòórùn ẹ̀ báyìí ni, á sì kẹ̀yìn sí i. Ọmọ mi obìnrin wá rí fídíò kan tí wọ́n ti po èso mọ́ yógọ́ọ̀tì, tí wọ́n dì í ní fírísà fún ajá. Ó ní ká ṣe tiwa. Aládùúgbò wa ní ká má dán an wò, pé yìnyín ń mú inú ajá wú, á sì kú. Èwo ni ká gbọ́? Ẹ má sì gbàgbé pé iná ò dúró o.

Bàbá Alájá, Ọ̀jọ́ọ̀

Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀. Ajá sísìn ni mo fi ń jẹun, àwọn ńláńlá bíi tiyín ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Yìnyín fúnra ẹ̀ kì í pa ajá. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni kí ajá ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, kó wá máa gbé omi tàbí oúnjẹ mì wọ̀mùwọ̀mù. Ìyẹn lè mú kí inú ẹ̀ wú, kó sì lọ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí mímí ẹ̀ rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un, kó sì jẹ́ díẹ̀.

Tèmi rè é. Màá se ẹsẹ̀ adìẹ títí á fi rọ̀, láìsí iyọ̀, mágí, ata tàbí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ló burú jù nínú wọn, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Màá sẹ́ omi ẹ̀, màá da gbogbo eegun nù, torí eegun sísè máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó, ó lè gún un lọ́fun. Tó bá tutù, ọ̀rá á dì sójú ẹ̀, ẹ fi ṣíbí kó o kúrò. Ẹ rọ omi náà sínú ike yógọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ti fọ̀, kó má kún, ẹ gbé e sí fírísà mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ da omi sẹ́yìn ike náà, á bọ́ sínú abọ́. Ajá á máa lá a, á máa lé e kiri orí táìlì. Ẹ má lo agolo mílíìkì o, etí ẹ̀ á gé e láhọ́n.

Wọ́tàmẹ́lọ̀n náà dáa, ẹ yọ kóró àti èèpo. Tí iná ò bá sí, ẹ ra ìkòkò amọ̀ ẹlẹ́nu gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ pọn omi sí i níbòòji. Omi máa ń yọ́ jáde lára amọ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, èyí tó kù nínú á tutù. Iṣẹ́ àmù àwọn ìyá wa náà nìyẹn.

Dókítà Ẹran

Àìjẹun yẹn ló mú mi dá sí i. Ajá kì í làágùn bíi tèèyàn, àyàfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mímí gúlegúle ló fi ń lé ooru jáde. Ara ẹ̀ máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2 Celsius. Tó bá ti kọjá 40, ẹ tètè dìde. Tó bá di 41, ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Tí èrìgì ẹ̀ bá pọ́n fòò, tí itọ́ ẹ̀ ki, tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá nǹkan dídì. Ẹ gbé e síbòòji, ẹ da omi tútù sí i lára láti ọrùn dé ikùn àti itan, ẹ tan fáànù tàbí kẹ́ ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi táwẹ̀lì tútù wé e kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, á sé ooru mọ́ ọn lára. Ẹ má sì fipá rọ ọ́ lómi.

Ní ti àìjẹun yẹn, ooru nìkan kọ́ ló lè fà á, torí náà ẹ yẹ etí ẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ wò. Eégbọn ló ń kó Babesia, kòkòrò tíntín tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ran ajá, ó sì wọ́pọ̀ níbí. Tí èrìgì bá funfun, tí ìtọ̀ pupa, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn ò jìnnà sí yín.

Ìyá Bínú, Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Mo ti wò ó, mi ò rí eégbọn, èrìgì ẹ̀ sì wà bó ṣe máa ń wà. Ṣùgbọ́n páànù la fi kan ilé ẹ̀, gbangba oòrùn ló sì wà. Ṣé mo lè fọ́ kúlíkúlí sínú yógọ́ọ̀tì dì fún un?

Bàbá Alájá, Ọ̀jọ́ọ̀

Háà! Páànù nínú oòrùn, ààrò kúkú ni. Ẹ gbé ilé náà sábẹ́ igi, tàbí kẹ́ ẹ da imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kẹ́ ẹ sì dá ojú sí ẹ̀yìn ẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá. Kúlíkúlí kọ́, iyọ̀ àti ata wà ńnú ẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ tí ò níyọ̀ dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ ti inú ike, ẹ ka ara ẹ̀: tẹ́ ẹ bá ti rí xylitol (ohun adùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà), ẹ gbé e sílẹ̀, májèlé ajá ni. Yógọ́ọ̀tì tí ò ní ṣúgà, ṣíbí kan ti tó, wàrà máa ń da inú àwọn mìíràn rú. Èso àjàrà, tútù àti gbígbẹ, ẹ má jẹ́ kó tọ́ ọ wò.

Ọmọ Àkọ́bọ̀, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fá irun ajá Caucasian mi, èyí tírun ẹ̀ kún dáadáa, kó lè tutù?

Dókítà Ẹran

Má fá a, àbúrò. Irun yẹn ń dènà oòrùn fún un. Máa fi kóòmù ya á, kí irun tó ti kú nísàlẹ̀ lè jáde. Má mú un jáde lọ́sàn-án o. Kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ lé ọ̀dà títì, tó ò bá lè fi síbẹ̀ kó o ka ení títí dé èje, ajá náà ò lè tẹ̀ ẹ́.