Ara gbígbóná àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ṣé wọ́n jọ ń rìn ni?

Ọmọ Lafẹ́nwá: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, kì í sùn, ara ẹ̀ tún máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lálẹ́, a ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà kò sí, ẹnìkan wá ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń mú ara gbóná. Ṣóòótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Ìbarà: Wọ́n jọ ń rìn o. Ní 2024 àwọn onímọ̀ kan ní San Francisco gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn tó lé ní 20,000 láti orílẹ̀-èdè 106, wọ́n wọ òrùka tó ń ka ìgbóná ara, ara àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì wọn pọ̀ ló gbóná jù. Àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn kéré, wọn ò sì lè sọ èwo ló fa èkejì. Tí ìgbóná ara àbúrò yín bá ti wọ 38°C, ẹ padà sọ́síbítù.

Bọ̀dá Kútọ̀: Ooru Abẹ́òkúta yìí pẹ̀lú àìsíná ńkọ́ 😂

Nọ́ọ̀sì Ìbarà: Bọ̀dá, ẹ fi àwàdà sílẹ̀ jàre. Àìsùn yẹn ló ń kọ mí lóminú ju ara gbígbóná lọ, ẹ mú un lọ sí Arò, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ọmọ Lafẹ́nwá: Ẹ ṣé mà. Màámi ni mo máa kọ́kọ́ bẹ̀, tí wọ́n bá gbọ́ Arò báyìí wọ́n á figbe ta.