Èsì HPV ní ó wà: kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?

Abèrè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ ń rí. Obìnrin gba èsì pé HPV, fáírọ́ọ̀sì tó lè fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, wà lára òun. Kí ló kàn?

Ọmọ Lábù: Irú HPV wo ni? Irú 16 àti 18 ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Èsì tí kò sọ irú rẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀.

Agbẹ̀bí: Kẹ́ ẹ tó dé orí irú, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tó pọ̀ jù máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 2. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí wọ́n padà wá.

Gbẹ́bọrùn: Ta ló wá kó o ràn án? Ọkọ ńkọ́?

Agbẹ̀bí: O tún ti dé! Ó lè lúgọ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ ẹni tó gbé e wá tàbí ìgbà tó wọlé. Má dá ìjà sílẹ̀ nílé onílé.

Gbẹ́bọrùn: Mo kàn bèèrè ni o 😂

Ọtí Kíkan: Lẹ́yìn èsì yẹn, níbi tá a ti ń fi ojú wo ọrùn ilé ọmọ: omi ọtí kíkan ìdá 3 sí 5, òwú tó rin dáadáa, kẹ́ ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Kánjúkánjú ló ń bà á jẹ́. Funfun tó nípọn, tí etí rẹ̀ dá ṣáká, tó fara ti ibi tí awọ méjì ti pàdé, ẹ fura sí i. Èyí tó fẹ́lẹ́ káàkiri lè jẹ́ ara wíwú lásán.

Ọmọ Lábù: Ẹni tó ti lé ní 50 ńkọ́? Ibi ìpàdé awọ ti wọnú lọ.

Ọtí Kíkan: Tí mo bá rí i yíká, màá ṣe é.

Ọmọ Lábù: *Tí* ẹ bá rí i.

Dókítà Àgbà: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kẹ́ ẹ tó fi irin gbígbóná jó ibi tó funfun yẹn láti tọ́jú rẹ̀, ibi ìpàdé awọ gbọ́dọ̀ hàn yíká, funfun náà ò gbọdọ̀ wọ ihò ọrùn lọ, orí irin sì gbọ́dọ̀ kárí rẹ̀. Ooru tó tó 100°C, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 lójú kan. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, wáyà oníná la fi ń gé e. Èyí tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ọwọ́ bá ti kàn án, tàbí tó hù jáde, ẹ ò gbọdọ̀ jó o rárá: ẹ gé bíńtín lọ sí lábù. Ohun tí iná bá ti jó, lábù ò rí i yẹ̀ wò mọ́.

Àjòjì: Ẹni tó fúnra rẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì mú ohun tí lábù máa yẹ̀ wò láti ojú ara rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣe é gbára lé?

Ọmọ Lábù: Dáadáa ni. Kò dìgbà tó bá kan ọrùn ilé ọmọ. Àmọ́ tí sẹ́ẹ̀lì ò bá tó, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á kọ èsì náà. Kíkọ̀ yẹn kì í ṣe pé HPV ò sí o! Ẹ jẹ́ kó tún un mú.

Agbẹ̀bí: Ẹni tó ní HIV, ọdún 25 ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa tún un ṣe ní ọdún 3 sí 5. Àwọn yòókù, 30, lẹ́yìn náà ọdún 5 sí 10. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á sílẹ̀ ní 2021 nìyẹn. Ẹni tó ní HIV, ẹ má kàn ti orí èsì bọ́ sórí ìtọ́jú. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kejì ná, bíi kẹ́ ẹ fi omi ọtí kíkan wò ó.

Àjòjì: Lẹ́yìn ìtọ́jú wá ńkọ́, ṣé oṣù 24 ni kó tó tún àyẹ̀wò ṣe?

Dókítà Àgbà: Oṣù 12. 24 ni ti ẹni tí kò ní HIV, tí HPV wà lára rẹ̀ àmọ́ tí àyẹ̀wò kejì ò rí nǹkan kan. Wọ́n máa ń gbé méjèèjì fún ara wọn lórí káàdì.