Omi kànga, afẹ́fẹ́ inú ilé àti gáàsì radon: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa ti rí

Onílé Orí Àpáta

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlú kékeré là ń gbé, omi kànga ẹ̀rọ sì ni gbogbo àdúgbò wa ń lò. Omi náà mọ́ gaara, kò rùn, ó tutù débi pé àlejò tó bá mu ún á yìn ín. Nígbà tí mo wá ní ká yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu ya àwọn ará ilé mi. Wọ́n ní kí ni mo ń wá lára omi tí bàbá wa mu dàgbà.

Ìyá kan ládùúgbò wa ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Kò fẹnu kan sìgá rí, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì mú un. Dókítà kò sọ pé radon ló fà á, torí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó fa ti ẹnì kan pàtó. Ó kàn bi àwọn ọmọ ìyá náà bóyá wọ́n ti wọn gáàsì yìí nínú ilé wọn rí. Wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Èmi náà ò gbọ́ ọ rí.

Ohun tí mo wá mọ̀ nìyí. Uranium, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán, wà nínú ilẹ̀ àti àpáta níbi gbogbo láyé, ibì kan kàn pọ̀ ju ibòmíì lọ ni. Òkúta gíránáìtì sì sábà máa ń ní in dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹrà, tó ń di oríṣiríṣi nǹkan títí tó fi ń di radium, radium ló sì ń di radon. Gáàsì ni radon. A ò lè rí i, a ò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, kò yí adùn omi padà. Á gba inú iyẹ̀pẹ̀ gòkè, á wá ibi tí ilẹ̀ ilé ti sán tàbí ibi tí páìpù gbà wọlé, á sì bá ibẹ̀ wọlé. Níta gbangba, atẹ́gùn á tú u ká. Nínú ilé tá a tì pa, ńṣe lá máa kóra jọ. Tá a bá ń mí i sínú, àwọn nǹkan tó ń dà tó bá jẹrà á lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á sì máa tú ìtànṣán tó ń ba ibẹ̀ jẹ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé nínú 100 èèyàn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú, ti nǹkan bí 3 sí 14 jẹ́ àfọwọ́fà radon, bó bá ṣe pọ̀ tó lórílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tún ń fa sìgá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ewu tiẹ̀ kúrò ní kékeré.

Afẹ́fẹ́ la kọ́kọ́ wọ̀n. Agolo pẹlẹbẹ kan tó ní èédú nínú ni wọ́n fún wa. A ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn ìta pa fún wákàtí 12 ká tó ṣí i, a sì gbé e sórí tábìlì ní yàrá ìsàlẹ̀ tí àwọn ọmọ ń sùn, jìnnà sí fèrèsé, sí ibi ìdáná àti balùwẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó lé ní becquerel 400 (òṣùwọ̀n ìtànṣán ni becquerel) nínú afẹ́fẹ́ tó kún àyè tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1. WHO ní kí orílẹ̀-èdè sapá kó má ju 100 lọ, bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó má kọjá 300. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí tiẹ̀ bá ti tó 148, wọ́n á ní kó tún ilé rẹ̀ ṣe.

Aládùúgbò tí ògiri wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn náà wọn tiẹ̀. Kò tó 60! Orí àpáta kan náà la kọ́lé sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èsì ilé ẹlòmíì fọkàn balẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó já yín láyà. Tiyín ni kẹ́ ẹ wọ̀n.

A dí gbogbo ibi tó sán. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò tó. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló wá lu ihò sí ilẹ̀ yàrá náà, ó ri páìpù sínú òkúta wẹẹrẹ tó wà lábẹ́ kọnkéré, ó gbé páìpù náà gòkè kọjá òrùlé, ó sì so fáànù mọ́ ọn lókè. Tọ̀sán-tòru ni fáànù yẹn ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ dà síta kó tó ráàyè wọlé. Ọ̀pá kékeré kan tó ṣeé rí inú rẹ̀, tó tẹ̀ kọdọrọ, wà lára páìpù náà, omi pupa sì wà nínú rẹ̀. Bí omi náà bá ga lápá kan ju èkejì lọ, fáànù ń fà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, fáànù ti dúró nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin ló ń yọjú wò ó láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé. A tún un wọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ó ti wá sílẹ̀ kọjá 100.

Omi ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Ẹnì kan tó ń ta asẹ́ omi ní tí mo bá ti lè fi asẹ́ òun sẹ́nu ẹ̀rọ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ radon inú omi ti parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Agbomi-yẹ̀wò

Bọ̀dá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Iṣẹ́ mi ni láti máa lọ gba omi kànga onílé kọ̀ọ̀kan fún àyẹ̀wò, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lemọ́lemọ́.

Radon inú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ẹnu ṣe wá ní jàǹbá. Ewu díẹ̀ wà fún inú nínú mímu ún, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ń gba imú wọlé: bí omi bá ṣe ń dà látòkè ní balùwẹ̀, bí ẹ bá ń fọṣọ, bí ẹ bá ń fọ abọ́, ńṣe ni gáàsì náà ń bọ́ kúrò lára omi sínú afẹ́fẹ́. Kí ni asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná fẹ́ ṣe sí ti balùwẹ̀? Ibi tí omi ti ń wọ ilé ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi kí gáàsì náà lè fò jáde, tó sì ń gbé e gba páìpù lọ síta. Ìkejì ni àgbá èédú. Èédú ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó mú mọ́ra kì í lọ, inú rẹ̀ ló ń tú ìtànṣán, nítorí náà tí radon omi bá pọ̀ gan-an, atẹ́gùn ni mo máa ń ní kí wọ́n lò.

Ẹ̀yin tó ń lo omi tí ìjọba fà láti odò, ẹ má da ara yín láàmú lórí èyí. Atẹ́gùn ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Bá a ṣe ń gba omi náà ṣe pàtàkì. Mo máa ń tú àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kúrò, màá jẹ́ kí omi tútù ṣàn fún ìṣẹ́jú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó lè jẹ́ pé inú kànga gan-an ló ti ń bọ̀. Màá gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, màá jẹ́ kó kún, màá wá ri ìgò kékeré náà sínú omi abọ́ yẹn, kó kún níbẹ̀, kí n dé e níbẹ̀. Tí mo bá gbé e jáde, màá dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n wò ó lójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìfófòó kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, màá dà á nù, màá gba òmíràn, torí gáàsì náà ti sá sínú ìfófòó yẹn. Ọjọ́ yẹn náà ló yẹ kó gbéra lọ sí láàbù, nítorí láàárín ọjọ́ 4 ó dín díẹ̀, ìdajì radon inú ìgò ti lọ.

Ẹ má tíì rẹ̀wẹ̀sì bí nọ́ńbà omi yín bá tóbi. Omi tí òṣùwọ̀n radon rẹ̀ jẹ́ 10,000 nínú lítà kan, nǹkan bí 1 péré lórí òṣùwọ̀n kan náà ló ń fi kún lítà kan afẹ́fẹ́ inú ilé. Ẹ gbé èsì omi àti ti afẹ́fẹ́ síra wọn kẹ́ ẹ tó náwó.

Ìyá Ọmọ Tuntun

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ti èmi kì í ṣe radon, àmọ́ kànga náà ni. Oko ló yí wa ká. Nígbà tí mo lóyún, nọ́ọ̀sì bi mí pé omi wo ni màá fi po mílíìkì ọmọ. Mo ní ti kànga wa, mo ní màá sè é. Ó ní sísè ń pa kòkòrò o, àmọ́ kì í yọ náítíréètì, èyí tó ń ti ara ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran wọnú ilẹ̀. Kódà bí omi bá ṣe ń fà lórí iná ló ń ki sí i. Bó bá pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ, ètè ọmọ á máa dúdú bí aró. Miligíráàmù 50 nínú lítà kan ni WHO fi ṣe òté. Tiwa kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa! Omi ibòmíì ni mo fi tọ́ ọmọ mi, ọdọọdún la sì ń yẹ kànga náà wò báyìí, náítíréètì àti kòkòrò pọ̀.

Àgbà Ẹlẹ́ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Stanley Watras kún un. Ẹlẹ́ẹ̀rọ ni, ní ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Limerick ní Pennsylvania. Ní 1984, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán lára òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lé e lórí, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì máa fi átọ́míìkì ṣe iná níbẹ̀. Ilé rẹ̀ ló ti ń gbé e bọ̀. Radon ibẹ̀ tó nǹkan bí 2,700 lórí òṣùwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò, níbi tí 4, ìyẹn becquerel 148 tí Onílé Orí Àpáta sọ, ti jẹ́ òté wọn. Wọ́n tún ilé náà ṣe, òun àti ìdílé rẹ̀ sì padà síbẹ̀.

Ayálégbé

Onílé mi ò fẹ́ gbọ́ rárá. Kí ni mo lè ṣe?

Onílé Orí Àpáta

Àbúrò, wíwọn afẹ́fẹ́ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Gbé agolo náà kalẹ̀ fúnra rẹ, kí o sì kó ìwé èsì fún un. Ó ṣòro fún èèyàn láti bá nọ́ńbà jiyàn. Tó bá ga, máa ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi dá ọ lóhùn, ó ń ràn án lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní ṣíṣí, kí o sì gbé ibùsùn àwọn ọmọ kúrò ní yàrá ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè lo ń gbé, ti inú ilẹ̀ kì í sábà pọ̀ débẹ̀, àmọ́ tí omi kànga bá ń gòkè wá bá ọ, jẹ́ kí Agbomi-yẹ̀wò bá ọ gba tiẹ̀ náà.